Bọ́tìnnì Pupa tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Ọkọ Mi

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà ọkọ mi fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ojú mi ṣì ń ríran, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, orí mi sì pé. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín hùwà sí mi bí ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pọ́bẹ̀ ni ilé wa wà, ní apá ibi tí oko ọ̀pẹ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkọ mi náà. Àjàṣẹ́ ló ti ra kọ̀ǹpútà yẹn, nínú ẹrù àlòkù tó ti òkè òkun wá, nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì fi gbé e wọlé. Ojú rẹ̀ yọ ikùn sẹ́yìn bí aboyún, ara rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ sì ti pọ́n bí eyín arúgbó tó ń mu tábà. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Kútọnu ní fóònù tó mọ̀wé jù ú lọ nínú àpò wọn, wọn kì í sì jẹ́ kí n gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Orí ẹ̀rọ yẹn ni ọkọ mi kọ ìwé kan sí, ìwé kíkà fún àwọn obìnrin àgbàlagbà tí wọn kò lọ ilé ẹ̀kọ́. Èdè wa gan-an ló fi kọ ọ́, bí a ti ń sọ ọ́ ní Ọ̀họ̀rí àti ní Sákété, kì í ṣe bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lórí rédíò. Apá kìíní kọ́ wọn ní lẹ́tà àti orúkọ ara wọn. Apá kejì ló fẹ́ràn jù. Ó lọ jókòó ti àwọn obìnrin tí a ń kọ́ ní abúlé Àgídì, ó ní kí oníkálukú sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí òun, ó sì kọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú ewé kan fún ẹnì kan. Ó ní kò sí ohun tí àgbàlagbà lè fi ìyànjú kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ó parí rẹ̀. Apá kìíní nìkan ló ti tẹ̀ sí bébà nígbà tí àìsàn dé, àìsàn náà kò sì jẹ́ kó dìde mọ́.

Nígbà tó lọ, èmi ni mo gba kíláàsì Àgídì. Àwọn obìnrin náà ka apá kìíní tán. Wọ́n wá ń bi mí léèrè apá kejì. Ẹ̀dà tí ọkọ mi ṣe sórí dìsìkẹ́ẹ̀tì, àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí láyé ìgbà yẹn, ọ̀rinrin ti jẹ wọ́n nínú àpótí, èbu ti bo inú wọn. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù sí, ní èdè tí àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí kò gbọ́ mọ́. Bí ẹ̀rọ bá kú, ohùn àwọn obìnrin yẹn kú, iṣẹ́ ìkẹyìn ọkọ mi sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti ra rìbọ́nù tuntun fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ti to bébà sílẹ̀. Òwúrọ̀ tó dára ni mo ń dúró dè. Ẹni tó bá mọ Pọ́bẹ̀ mọ ìwà iná wa. Ní òwúrọ̀ ó máa ń le dáadáa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé tan gílóòbù, tí àwọn ẹ̀rọ ìlọta ń lọ, iná á rẹ̀ sílẹ̀, gílóòbù á pọ́n bí epo. Ẹ̀rọ ọkọ mi kì í jí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ó ní ìwọ̀n iná tó ń fẹ́. Bí kò bá rí i, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ọmọlúàbí tó bá wọn ní ilé tí oúnjẹ kò tó. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀.

Àbúrò ọkọ mi, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Bàbá Kékeré, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé ní apá kejì ilé náà, ó ń ta òróró ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ó sì ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. Òun sì ń pè mí ní Ìyàwó títí di òní. N kò fi ìyẹn rojọ́. Àṣà wa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé obìnrin lè wà lórí ìkúnlẹ̀, kó fi ìtẹríba kí ọkọ rẹ̀, kó má sì rí ohun kan tó níláárí nínú èrò ọkọ náà. Èrò Bàbá Kékeré ni pé yàrá tí ẹ̀rọ wà yóò gba àgbá òróró òun dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti Àgídì dé, mo bá alùpùpù kan níwájú ilé, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, ìgò sódábì, ògógóró ọ̀dọ̀ wa, sì wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan ti yí ẹ̀rọ ọkọ mi sẹ́yìn, ó gbé orí sínú ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹyin adìẹ.

"Ìyàwó, káàbọ̀!" Bàbá Kékeré ní. "Mo bá ọ mú Dókítà wá láti Sákété. Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn yìí á jí lónìí."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Kékeré. Kò ṣàìsàn o. Iná ni kò tó. Tó bá di òwúrọ̀..."

"Òwúrọ̀, òwúrọ̀! Ṣé ẹ̀rọ náà tún ń sùn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbé orí sókè, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa iná ní kíláàsì, ní Sákété kan náà. Ó ti wá ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó kọ "Dókítà Kọ̀ǹpútà" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ibi tó ti gba oyè.

"Màdáàmù wa! Ẹ káàbọ̀. Ẹ rántí mi? Èmi tí ẹ máa ń lé jáde."

"Mo rántí. Bí mo bá lé ọ jáde, ojú fèrèsé lo máa ń dúró sí, o máa ń béèrè bóyá a ti parí."

Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rò pé mo yìn ín.

Lẹ́yìn irú ẹ̀rọ yẹn, nítòsí ibi tí okùn iná ti ń wọlé, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí kò ju èékánná lọ. Ìlú tí iná wọn lágbára bíi tiwa, apá kan ni wọ́n ń tì í sí. Ìlú òkè òkun tí iná wọn jẹ́ ìdajì tiwa, apá kejì ni. Wọ́n kọ iye agbára iná náà sórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti rà á, igba ó lé ọgbọ̀n ló ń fihàn, níbi tó yẹ kó wà. Dókítà fi ìka kàn án, ó pe gbogbo ènìyàn kí wọ́n wá wò.

"Ẹ wo ìṣòro náà! Wọ́n ní kí ẹ̀rọ yìí máa jẹ igba ó lé ọgbọ̀n. Ta ló rí igba ó lé ọgbọ̀n jẹ ní Pọ́bẹ̀ níbí? Ẹ wo gílóòbù yín. Iná ìdajì lẹ ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un kó máa jẹ ìdajì."

"Háà!" Bàbá Kékeré ní. "Ẹ rí ọpọlọ!"

Mo ní, "Má tì í. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó ti fi irin tó fi ń yí ìṣó tì í. Ó dún kẹ́.

"Iná ìsinsìnyí lò ń wò," mo ní. "Iná tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màdáàmù, tìwé nìyẹn. Tìwé yàtọ̀, tọwọ́ yàtọ̀."

Ó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ jí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ó jí dáadáa. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ojú rẹ̀ ṣí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọgbọ́n wà nínú ìgbésẹ̀ kìíní Dókítà. Ká ní ìdánwò ni, ǹ bá fún un ní ìdajì máàkì, kí n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: parí èrò rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún, kí ló tún fẹ́ parí? Mo wo ojú ẹ̀rọ láàárín èjìká wọn, mo rí i tí a kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọkọ mi ṣe máa ń kọ ọ́: Apá Kejì. Mo na ọwọ́ sí okùn iná kí n yọ ọ́.

"Ìyàwó, má fọwọ́ kàn án," Bàbá Kékeré ní. "Ọkùnrin ló tan án, ọkùnrin ni yóò pa á."

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Bí iná bá padà wá báyìí, á bàjẹ́."

"Ṣé iná tó bá padà ló ń ba nǹkan jẹ́? Iná tó bá lọ ni! Lọ bá wa mú ife wá."

Àwọn aládùúgbò tún rẹ́rìn-ín. N kò tíì dìde nílẹ̀ tí gílóòbù orí wa fi funfun lójijì. Ẹ mọ bí àdúgbò ṣe máa ń ṣe bí iná bá padà sípò: wọ́n hó "Yéè!" láti ilé dé ilé. Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ ọkọ mi ti dún gbàmù, ó tún dún gbàmù, èéfín funfun jáde, ó ń rùn bí ẹja tó ti rà kí wọ́n tó yan án.

Gbogbo wọn sá sí ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo yọ okùn. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, Dókítà padà wọlé, ó dúró lókèèrè, ó mi orí.

"Ọjọ́ orí ni," ó ní. "Ẹ̀rọ tó ti gbó báyìí, ayọ̀ ló pa á."

Mo ti gbọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà láti ẹnu àwọn ọmọ tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn, tí wọn kò ra ìwé. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó tún fi kún un pé gbogbo inú ẹ̀rọ ti jóná, títí kan ibi tí ìwé wà, pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Kò tú ìṣó kan ṣoṣo o. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka òkú, ó sì ní bí mo bá fẹ́ tuntun, òun ní i ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Àwọn kan ní ọkọ mi ló wá mú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní èmi ni mo fi ẹnu mi fa á, nítorí pé mo sọ pé á bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ wo ìlú tí ẹni tó bá mọ ohun tó ń bọ̀ ti ń di ẹni tó pè é wá! Kò sí ẹnì kan tó dárúkọ bọ́tìnnì. Bàbá Kékeré sì pinnu: bí àwọn tó ń ra irin bá kọjá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun á gbé e fún wọn.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá Kékeré." Ó rò pé ìyẹn túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé Àgídì kí èmi tó dé ibẹ̀. Ìyá àgbà kan wà nínú kíláàsì wa, epo ló ń fún, kì í sì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Ó dúró dè mí lábẹ́ igi.

"Màdáàmù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi jóná."

"N kò tíì mọ̀, Ìyá."

"Ẹ máa lọ mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ojú mi ò dára tó tèṣí. Bí ẹ bá pẹ́ jù, àwọn ẹlòmíràn ni yóò kà á fún mi, n kò sì gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Wọ́n á yọ ibi tó dùn kúrò."

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo to àwọn irinṣẹ́ mi, títí kan irin tí a fi ń jó òjé tí mo máa ń lò ní kíláàsì. Mo tú àwọn ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì to wọ́n bí mo ṣe tú wọn. Nínú ẹ̀rọ, àpótí irin kékeré kan wà tó dá dúró. Òun ló ń gba iná lára ògiri, tó ń sọ ọ́ di ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ lè jẹ. Ibẹ̀ ni òórùn ti wá.

Kí n tó ṣí i, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀. Àpótí yìí lè pa ènìyàn bí ẹ tilẹ̀ ti yọ okùn kúrò lára ògiri. Agolo ńlá méjì wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, bí ìkòkò tí a ti sọ̀ kúrò lórí ààrò tó ṣì ń jó ọwọ́. Mo so okùn méjì mọ́ gílóòbù kan, mo mú un níbi tí irin kò sí, mo fi ẹnu okùn náà kan àwọn agolo kí ohun tó bá kù nínú wọn lè bá gílóòbù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fi ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Agolo méjèèjì ti bẹ́ lórí bí gúgúrú. Nǹkan roboto kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí iṣẹ́ wọn ni láti gba ìyà bí iná bá pọ̀ jù, ti là sí méjì. Inú fíúsì ti dúdú. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo wò ó láti igun dé igun. Ìyókù mọ́. Fíúsì ti kú kí àwọn tó kù má bàa kú; ohun tí wọ́n fi í síbẹ̀ fún nìyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, òun nìkan ló mọṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó kù ni láti rí agolo mìíràn irú rẹ̀. Wọn kì í tà á ní Pọ́bẹ̀. Mo mọ ibi tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń parí ayé wọn sí, mo bá gun sẹ́mìjáàn, alùpùpù akérò, lọ sí Sákété, mo ní kí ọlọ́kọ̀ náà sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Dókítà. Àwọn oníbàárà jókòó lórí bẹ́ńṣì.

"Màdáàmù! Ẹ wá ra tuntun?"

"Rárá o. Mo wá wo òkìtì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Òkìtì! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

"Bí mo bá fi sè é, màá bu tìrẹ ránṣẹ́."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, mo sì kọjá lọ sẹ́yìn. Lábẹ́ ibi tí òjò ti ń ṣàn láti orí páànù, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni wọ́n kó jọ síbẹ̀ gègèrè. Mo yí ẹ̀yìn èkíní sọ́dọ̀ mi. Bọ́tìnnì pupa rẹ̀ wà ní márùndínlọ́gọ́fà, ibi ìdajì iná. Mo yí òmíràn. Ìdajì. Òmíràn, ìdajì. Mo ń yí wọn lọ. Ilé ìwé ló ni òmíràn nínú wọn, àmì ilé ìwé ṣì wà lára rẹ̀. Itẹ́ òkú ni ibẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì gbẹ́ gbogbo sàárè rẹ̀.

Mo pè é. Mo ní, "Ta ló ti àwọn bọ́tìnnì yìí?"

"Èmi ni," ó ní, àyà rẹ̀ yọ síwájú. "Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ tan, Màdáàmù."

"Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ tan ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, wọ́n kú. Iná Sákété yìí kò dára."

N kò kórìíra ẹni tó ṣì. Bí àwọn ọmọ kò bá ń ṣì, kí ni ǹ bá fi ọjọ́ ayé mi ṣe? Ẹni tí mo ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni ẹni tí wọ́n ti fa ìlà pupa sí ìdáhùn rẹ̀ títí, tó ń kọ ìdáhùn kan náà, tó ń sọ pé tádàwá ni kò dára. Síbẹ̀ olùkọ́ ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi igi kékeré ya ìkòkò méjì sórí ilẹ̀.

"Gbọ́. Bọ́tìnnì yìí kì í sọ fún ẹ̀rọ pé kó jẹ díẹ̀. Ohun tó ń sọ fún un ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá bù fún un, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí iná bá jẹ́ ìdajì, ìlọ́po méjì rẹ̀ ńkọ́?"

"Á pé."

"Ó dáa. Bí iná bá wá padà, tó pé fúnra rẹ̀, ìlọ́po méjì rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo ìkòkò méjèèjì. Ó fi ọwọ́ họ orí.

"Á yó," ó ní.

Àwọn oníbàárà tó ti tẹ̀ lé wa wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in, fóònù rẹ̀ dún, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó tán, ó ní òun á ronú sí ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ronú sí nǹkan. Ojú rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà níbi tó yẹ. Èèrà ti kọ́lé sínú rẹ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Òun nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú. Inú àpótí iná rẹ̀ gbẹ, àwọn agolo rẹ̀ dúró gírí, iye tó wà lára wọn sì bá ti àwọn tó wà nílé mu. Dókítà ní kí n máa gbé àpótí náà lọ, kí ó lọ bá òkú tó wà nílé ṣọ̀rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ kì í pa ẹnu lára.

Ọjọ́ ọjà ni mo parí iṣẹ́ náà. Mo ti jí ní kùtùkùtù, mo jó òjé, mo yọ àwọn agolo tó bẹ́, mo fi tuntun, bí ẹ bá lè pe ohun tó wá láti inú itẹ́ òkú ní tuntun, sí ipò wọn. Ìlà funfun máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lára wọn. Ẹni tó bá yí i sódì yóò tún gbọ́ ariwo tí a gbọ́ níjọ́sí. Mo pààrọ̀ àwọn roboto méjì yẹn àti fíúsì. Mo wá ti bọ́tìnnì pupa padà sí igba ó lé ọgbọ̀n, mo tan àbẹ́là, mo kán ìda rẹ̀ lé e lórí títí tó fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó! Àwọn tó ń ra irin ti dé o."

Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọlanke. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Mo fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan."

"Dán kí ni wò? Òkú?"

Onírin náà ní, "Màmá, ọjà ń kún o. Kílò ni mo ń rà, n kì í ra ìtàn."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Mo ti fi gílóòbù kan sí ojú ọ̀nà okùn, kí iná máa gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Bí nǹkan bá ṣì bàjẹ́ nínú àpótí, gílóòbù á tàn rokoṣo, á gba ìyà náà fún ẹ̀rọ. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, á ṣẹ́jú, á sì rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ ẹ̀rọ. Gílóòbù tàn gbòò. Mo na ọwọ́ sí okùn. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́jú, ó ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bínú tó rántí ara rẹ̀.

Mo pa á, mo yọ gílóòbù kúrò, mo so okùn mọ́ ògiri tààrà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Fáànù kọrin. Ojú ẹ̀rọ dúdú fún ìgbà pípẹ́, bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí ọkọ mi ti rà á, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó gùn jù. Bàbá Kékeré ti na ọwọ́ sí i láti gbé e. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Apá Kejì.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo ki bébà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí han bí ó ti máa ń han. Bàbá Kékeré wo ojú ewé kìíní tó ń yọ jáde. Ó yíjú sí onírin.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Mo ti sọ pé Dókítà yẹn mọṣẹ́. Oògùn rẹ̀ ló pẹ́ kó tó jẹ́!"

Aṣọ funfun ṣì wà lórí tábìlì lójú rẹ̀. Irin tí mo fi jó òjé ṣì gbóná. Àwọn agolo tó bẹ́ wà nínú àwo, nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Ó wo gbogbo rẹ̀, kò rí ìkankan. Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Kékeré." Ó gbé àgbá òfìfo kan fún onírin dípò ẹ̀rọ, wọ́n sì jọ lọ. Títí di òní, Dókítà ló wo ẹ̀rọ náà sàn ní ẹnu gbogbo àdúgbò. Ó tilẹ̀ ń fi í pe oníbàárà. N kò tún wọn sọ. Ẹni tí ìda àbẹ́là tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kò bá sọ̀rọ̀ fún, kí lẹ̀ ń fẹ́ kí n sọ fún un?

Mo kó àwọn ojú ewé náà lọ sí Àgídì. Ìyá tó ń fún epo kò jẹ́ kí n jókòó. Mo wá ojú ewé tirẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fi ìka tí epo ti pa láró sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní. Ó ń kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́:

"Wọ́n ní... kí n gé... ọ̀pẹ bàbá mi... nítorí pé... ó ti gbó. Mo ní kí wọ́n... kọ́kọ́ gùn ún... kí wọ́n wò ó."

Ó dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò wá.

"Èmi ni mo sọ báyẹn!" ó ní. "Wọn ò yọ nǹkan kan kúrò!"

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ka èyí, mo fi ẹnu ìyá yẹn bẹ̀ yín. Kí ẹ tó sọ pé nǹkan ti gbó, ẹ kọ́kọ́ gùn ún, kí ẹ wò ó. Ẹ tú ìṣó rẹ̀ kí ẹ tó ka òkú rẹ̀. Bí nǹkan bá sì ti ọwọ́ yín tan lójijì, tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì mu sódábì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ìdí tó fi tan, kí iná tó padà.